Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbé l'Ékìtì, báwo lẹ ṣe ń mọ òótọ́ nínú ohun tí ẹ ń rí lórí fóònù?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìkéré

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi kó tó dé. Metformin ni mò ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú Amlodipine ẹyọ kan lójúmọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọjà bá dákẹ́ lọ́sàn-án, fóònù ni mo máa ń wò nídìí ẹ̀lùbọ́ mi. Níbẹ̀ ni mo ti rí fídíò ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun, tó fi ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara. Ó ní Metformin ló ń ba kíndìnrín àwa alátọ̀gbẹ jẹ́, pé àwọn dókítà mọ̀, wọn ò kàn fẹ́ sọ ni. Ó ní ìyẹ̀fun kan wà lọ́wọ́ òun, ọjọ́ mọ́kànlélógún péré, àtọ̀gbẹ á bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àìmọye ènìyàn ló ń dúpẹ́ lábẹ́ fídíò náà. Mo sanwó, wọ́n fi mọ́tò gbé e wá fún mi nínú ike aláwọ̀ ewé. Mo kó Metformin mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún, mò ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, mi ò rí nọ́ńbà ara owó mọ́. Àwọ̀ ni mo fi ń dá náírà mọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn mo dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ọmọ mi tó wá kí mi láti Adó ló fi ẹ̀rọ gún mi níka. Ṣúgà mi jẹ́ 402 mg/dL. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó wọ yàrá lọ gbé báàgì mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ara ti ń mókun o, ẹ má bá mi kẹ́dùn. Ìbéèrè mi ni pé, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Mi ò lè ní n ò ní wo fóònù mọ́. Oṣù méjì méjì ni mò ń lọ sí kílíníìkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni dókítà fi ń rí mi, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Ọjọ́ tó kù, èmi àti àìsàn yìí la jọ ń wo ara wa nínú ilé. Orí fóònù ni mo ti ń rí ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tani lóru. Kí ni kí n máa gbà, kí ni kí n máa kọ̀?

Nọ́ọ̀sì, Adó

Ẹ kú ewu, Ìyá wa. Olúwa ló kó yín yọ.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyí. Ẹni tó fi oògùn àtọ̀gbẹ sílẹ̀ kì í rí nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní, kì í rí i lọ́jọ́ kẹta. Ara ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń fúyẹ́, torí Metformin a máa da inú rú, bí a bá sì ti fi í sílẹ̀, inú á rọ̀. Ẹni tó ta ìyẹ̀fun á ní oògùn òun ló ti ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà ti ń gun òkè lábẹ́lẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tún burú jù ú lọ, torí òun kì í dunni rárá títí rọpárọsẹ̀ á fi dé.

Ní ti kíndìnrín, Metformin kọ́ ló ń pa á. Àtọ̀gbẹ tí a ò kápá ló ń pa á, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń gbé Metformin jáde lára, nítorí náà bí kíndìnrín ẹnì kan bá ti rẹ̀ gan-an, dókítà á dín in kù tàbí kó dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ yín láti yẹ kíndìnrín wò. Ọkùnrin yẹn gbọ́ pé wọ́n máa ń dá a dúró fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ló bá yí i po, ó ní oògùn ló bà á jẹ́. Irọ́ tí wọ́n bá gbìn sórí òótọ́ kékeré, òun ló ń ta gbòǹgbò.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí ẹ bá ń rí nínú gírúùpù. Ìyá kan wá sí kílíníìkì wa pẹ̀lú omijé, ó ní ṣúgà òun jẹ́ 126 láàárọ̀ kóun tó jẹun, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú gírúùpù wọn ní tòun jẹ́ 7. Ó ti ń rò pé ikú dé. Ọ̀kan náà ni! Ẹ̀rọ kan ń kọ ọ́ ní mg/dL, èkejì ń kọ ọ́ ní mmol/L. Ẹ sọ 7 di ìlọ́po 18, 126 ni yóò fún yín. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ yín lónìí, ẹ mọ èyí tó ń kọ, kí ẹ sì máa kọ lẹ́tà rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà nígbàkúùgbà tí ẹ bá fi síta.

Bàbá Tíṣà, Ìjerò

Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára mi. Fóònù ti fẹ́ pa mí rí, fóònù náà sì ti gbà mí rí.

Ní 2014 nígbà Ebola, ọ̀rọ̀ kan gba ìlú lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni aládùúgbò wa kan ilẹ̀kùn. Kí n tó dé pálọ̀, ìyàwó mi ti po iyọ̀ sínú ife mi, ó kún dé etí. Mo gbé e dání. Èmi tí wọ́n ti ní kí n dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù láti ọdún mélòó kan! Mo dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn ènìyàn kú ní Nàìjíríà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ṣì lè rántí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìlera tó bá ní kí n ṣe é kílẹ̀ tó mọ́, tàbí kí n fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń kú sí.

Ti èkejì: ikọ́ gbígbẹ kan mú mi fún oṣù márùn-ún. Mo mu oògùn ikọ́ títí, wọ́n yẹ̀ mí wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan nínú gírúùpù àwa ẹlẹ́jẹ̀ ríru lórí Facebook, obìnrin kan kọ ọ́ pé oògùn tí wọ́n fún òun ló ń mú òun wúkọ́, Lisinopril. Mo lọ wo páálí tèmi. Lisinopril! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ̀jẹ̀ mi ò ní dúró dè mí. Mo ń lò ó lọ títí di ọjọ́ kílíníìkì, mo wá gbé páálí náà síwájú dókítà. Ó ní òótọ́ ni, oògùn yẹn máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ó fi Losartan pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù kan, ikọ́ lọ. Bí obìnrin yẹn ò bá sọ̀rọ̀, mo lè ṣì máa wúkọ́ títí dòní. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ìbéèrè ni mo gbé kúrò lórí fóònù lọ síwájú dókítà, mi ò dá ara mi lóògùn.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Ifákì

Mo dúró ti ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà. Ọmọ mi kejì ni SS, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú egungun dunni. Bí kì í bá ṣe gírúùpù àwọn ìyá tí mo wà lórí WhatsApp, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní TCD. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ, kò dunni, kò sì sí abẹ́rẹ́, wọ́n á fi wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú ọpọlọ. Ọdọọdún ló yẹ kí ọmọ SS ṣe é láti ọdún 2 títí dé 16, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tí rọpárọsẹ̀ ń dọdẹ. Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dárúkọ rẹ̀ fún mi níbi tí mò ń gbé e lọ. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ nípa Hydroxyurea, oògùn kan tí wọ́n ń fún ọmọ SS. Mi ò rà á ní kẹ́místì o, torí àwọn ìyá yẹn ti kìlọ̀ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, tí yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lórí rẹ̀.

Lóru kan, aago méjì, ọmọ ń ké egungun ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò sí nílé. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹni mẹ́ta dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọn ò dárúkọ oògùn kankan. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ó ń mí dáadáa? Ṣé àyà ń dùn ún? Mo ní ara rẹ̀ gbóná, ó ń mí lókè lókè. Wọ́n ní má dúró dilẹ̀ mọ́, gbé e lọ báyìí. Ọ̀kan nínú wọn bá mi sọ̀rọ̀ títí ọlọ́kadà fi dé. Mi ò rí obìnrin náà rí títí dòní.

Ìyá wa, ẹ wo òfin gírúùpù kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nínú tiwa, ẹni tó bá polówó oògùn, ádímìn á yọ ọ́ kílẹ̀ tó ṣú. A kì í sọ iye oògùn fún ara wa. A kì í gbé fọ́tò ọmọ tàbí káàdì ọsibítù síbẹ̀. Gírúùpù tó bá jẹ́ pé ádímìn fúnra rẹ̀ ló ń tajà, ọjà ni, ẹ jáde.

Ọmọ Eléwé, Ẹ̀fọ̀n

Mo kí gbogbo ilé. Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká torí oníjìbìtì ba ewé lórúkọ jẹ́. Bàbá mi ti ń já ewé kí wọ́n tó bí mi. Ewúro lè mú ṣúgà wálẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tó di ìyẹ̀fun sínú ike tí kò sọ ewé tó lọ̀, tí kò rí aláìsàn sójú, tí kò mọ ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀, èwo nínú ìṣègùn baba wa nìyẹn? Bàbá mi ò ní fún ẹ ní èèpo igi lásán kó má kọ́kọ́ bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ bí ogún.

Apòògùn, Ọ̀yẹ́

Ẹ ṣeun, Ọmọ Eléwé. Metformin gan-an, láti ara ìmọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní Galega ní ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ṣẹ̀ wá. Kò sí ẹni tó ní ewé ò ṣiṣẹ́. Torí pé ó ń ṣiṣẹ́ ló fi yẹ ká bẹ̀rù àṣìlò rẹ̀. Ẹni tó lo Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, láàárọ̀, tó tún mu ife omi ewúro kan lé e, tó wá ń gbààwẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL. Òógùn tútù á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ó lè dákú. Bí ẹ bá fẹ́ lo ewúro ju ti inú ọbẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ oògùn yín mọ̀.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí fẹ́ràn kí wọ́n máa na nọ́ńbà NAFDAC sójú fídíò. Ẹ wò ó dáadáa. Oògùn ìbílẹ̀ tí NAFDAC kàn tò sínú ìwé máa ń ní lẹ́tà L lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ó máa ń wà ní kékeré nísàlẹ̀, ẹ mú awò yín. Nọ́ńbà náà ò sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni èyí tí wọ́n ń lọ oògùn òyìnbó mọ́. Ẹni tó ní oríkèé ń dun òun mu àgbo, ìrora lọ láàárín wákàtí kan, ó ń yin ewé. Ó lè jẹ́ Diclofenac, oògùn ìrora, tàbí Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú kù, ló wà nínú rẹ̀. Diclofenac ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń ni kíndìnrín lára. Dexamethasone ń gbé ṣúgà sókè. Ìyá wa, bí ike aláwọ̀ ewé yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ gbé e dání lọ́jọ́ kílíníìkì.

Ọmọ Ìdó

Kíndìnrín mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó rẹ̀ mí lónìí, díẹ̀ ni màá sọ.

Fídíò tó ní kí aláìsàn máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó máa mu omi àgbọn, kó máa mu ọsàn, ó lè dára fún ẹlòmíràn. Lára mi, èròjà potassium inú wọn ò rí ibi gbà jáde, ọkàn ló ń lọ bá. Àbúrò mi tó fẹ́ràn mi ló ra àgbọn mẹ́fà wá, ó ní òun rí i lórí TikTok pé ó ń fọ kíndìnrín. Iyọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń polówó fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé kò ní sódíọ̀mù. Ẹ yí i wo lẹ́yìn, potassium ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá ṣáṣá, tàbí tó ń lo irú Lisinopril tàbí Losartan tí Bàbá Tíṣà dárúkọ, kó bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn án.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adó

Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mò ń bójú tó fóònù ìyá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Fóònù máa ń ṣọ́ ohun tí ẹ bá tẹjú mọ́. Bí ẹ bá wo fídíò "oògùn àtọ̀gbẹ" kan parí, mẹ́wàá irú rẹ̀ ló máa kó wá lọ́la, yóò wá dà bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ ló ń kó o jọ síwájú yín. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ fídíò náà pẹ́ díẹ̀, ẹ yan pé ẹ ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ṣe é lórí fóònù màmá mi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lọ sílẹ̀ gan-an.

Lórí WhatsApp, bí ẹ bá rí ọfà méjì tó tẹ̀lé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ kan, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín ò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Wọ́n sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ojú àti ohùn dókítà tàbí oníròyìn tí gbogbo ayé mọ̀, tí yóò máa polówó oògùn tí kò mọ̀ rí. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó máa ń yà kúrò lára ohùn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Bí ẹnì kan bá ní dókítà lòun, ìgbìmọ̀ MDCN tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní ìwé orúkọ. Africa Check àti Dubawa máa ń tú irú fídíò wọ̀nyí wò, ẹ ní kí ọmọ ilé yín bá yín wá a níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìyàwó Awakọ̀, Ìkọ̀lé

Ẹ tún bá wa sọ ti oúnjẹ. Ọkọ mi rí i pé alátọ̀gbẹ ò gbọdọ̀ jẹ uyán mọ́ láéláé. Ọmọ Èkìtì! Ọjọ́ méjì ni ò fi oúnjẹ sẹ́nu, ó ń wo odó. Onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù ló yanjú ẹ̀: kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí uyán má ju ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kan lọ, kí ẹja tàbí ẹran gba ìyókù, kó má sì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ alẹ́ pátápátá. Ó ń jẹ uyán rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ sì ń dúró.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìkéré

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe gbé ike yẹn síwájú dókítà? Nígbà tí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, ẹnì kan jágbe mọ́ mi níwájú àwọn aláìsàn tó kù, ó ní "ẹ lọ bá dókítà orí fóònù yín." Ojú tì mí.

Nọ́ọ̀sì, Adó

Ẹ má bínú, Ìyá wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹni tí a bá jágbe mọ́ lónìí, fóònù ló máa bi léèrè lọ́la. Ẹ gbé e lọ. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé, kó má ju mẹ́ta lọ, kí ẹ sì sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn: "Mo ní ìbéèrè mẹ́ta." Bí ẹ bá dúró dìgbà tó bá pe ẹni tó kàn, ó ti parí.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìkéré (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan)

Mo ti lọ, mo ti dé. Inú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà ni mo ti ya ojú ewé kan.

Èkíní, ẹsẹ̀ mi tó ń wú. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó gbé e kúrò, ihò náà ò tètè kún. Ó ní Amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó yí i padà díẹ̀, ó sì ní wọ́n máa yẹ kíndìnrín wò kó lè dá òun lójú. Mo ti ń rò pé ìdúró ọjà ni. Èkejì, ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo fídíò ní kí alátọ̀gbẹ jẹ bó ṣe wù ú. Ó ní ṣúgà wà níbẹ̀ náà, ìwọ̀n ni. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi, bí ọjà náà tilẹ̀ dín díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ike yẹn. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó kọ HbA1c fún mi, ìdánwò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí ó ní ìka tí a gún láàárọ̀ ò lè sọ gbogbo ìtàn.

Nígbà tí mo délé, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sábẹ́ fídíò ọkùnrin yẹn. Kò tó wákàtí kan, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi. Mo wá mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ìdúpẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Fídíò náà ṣì wà lókè. Bí ẹ bá ní ẹni yín tó ń lo ìyẹ̀fun inú ike aláwọ̀ ewé, tó ní ara òun ti ń fúyẹ́, ẹ bá mi fi ẹ̀rọ gún un níka lálẹ́ òní.